Ojú Àwọ̀n

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó àwọ̀n sí
lẹ́yìn ọ́fíìsì ìjọba, ní Èbúté Mẹ́ta.
Àwọ̀n méjìlélógójì ló wà níbẹ̀ lónìí,
wọ́n ká jọ bí ẹran tó sùn,
òórùn ọ̀sà kò tíì kúrò lára wọn.
Ìpẹ́ ẹja ń dán yinrinyinrin nínú òkùnkùn.

Rúlà onígi kan wà lórí tábìlì mi.
Òun la fi ń wọn ojú àwọ̀n.
Ojú tí ìka mi ò bá lè gbà kọjá,
òfin ní kò gbọdọ̀ wọ omi:
ọmọ ọ̀bọ̀kún tí kò tíì mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀
kò yẹ kó ti inú ọ̀sà bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀.
Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́.
Ẹni tó bá jẹ irúgbìn tán, kí ni yóò gbìn lámọ́dún?

Sẹ̀nami Avọsẹ ń wá láti Mákòókó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.
Tirẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún.
Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀,
kò mú ẹja yíyan wá fún mi rí.
Ó kàn ní: "Bọ̀ọ̀dá, eku ti ń jẹ ẹ́.
Ẹ jẹ́ kí n máa tún un ṣe títí ẹjọ́ yóò fi parí."
Kò sí ibi tí ìwé òfin ti ní kí n gbà,
kò sì sí ibi tó ti ní kí n kọ̀.
Mo gbé àpótí fún un. Ó jókòó.
Ó yọ abẹ́rẹ́ oníke láti inú gèlè,
ó ń di ihò tí eku lu
ní ojú kékeré náà gan-an tí a torí rẹ̀ gbà á.
Mo rí i. N ò sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ṣe, láìgbé orí sókè, ó ní:
"Ẹ ti wọn ojú àwọ̀n mi.
Ta ló wọn ẹnu páìpù tó ń fa yanrìn níwájú ilé wa,
tọ̀sán tòru, tó ń gbé ẹyin ẹja mì pẹ̀lú ẹrẹ̀?
Ta ló na rúlà sí ọkọ̀ ńlá tó ń tanná lójú òkun,
tó ń ha ìsàlẹ̀ omi bí ẹni ń ha ìkòkò ẹ̀kọ?"

Mo ṣí rẹ́jísítà.
Àyè wà fún orúkọ, àyè wà fún ọjọ́,
àyè wà fún ìwọ̀n ojú.
Kò sí àyè fún ẹnu.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé, pẹ̀lú pẹ́ńsù, wínníwínní,
bí ẹni ń bẹ̀rù pé ọ̀gá yóò kà á,
bí ẹni ń bẹ̀rù pé kò ní kà á.

Àwọ̀n rẹ̀ di ti ìjọba. Ó san owó ìtanràn.
Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé,
àwọ̀n tuntun ní èjìká:
"Ẹ wọ̀n ọ́n, kó tó wọ omi."
Mo ki ìka bọ̀ ọ́. Ìka kọjá, ó kù.
Ó ní: "Ojú tèmi ti là.
Tiyín ńkọ́?"

Kò dúró gbọ́ èsì.
Láti fèrèsé, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ń dún lọ.