Orúkọ Ò Tán

Ní Kétu, ilẹ̀ pọ́n, omi jìn.
Ẹ má bi mí bí okùn kànga ṣe gùn tó,
bàbá bàbá mi ló mọ̀ ọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n.
Nígbà tí wọ́n wá ri ẹ̀rọ omi sí ẹ̀yìn Àkábà Ìdena,
òun ni wọ́n ní kó máa pe ìlà.
Ó fi ẹfun kọ orúkọ sára pákó pẹlẹbẹ,
agboolé mẹ́tàdínlógójì,
ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì,
láti orí Abíálà títí dé ọ̀dọ̀ Músílíátù oníṣu-díndín.

Kò fi ìka tọ́ka. Ó ní ìka ń gbọ̀n.
Ọmọ ayò kan ló máa ń gbé síwájú orúkọ.
Á pè, á dúró kí kẹ́ẹ̀gì kún,
á sún ọmọ ayò.
"Ó kàn ọ́." Á sún un. "Ó kàn ọ́."
Títí ọmọ ayò yóò fi bọ́ sí etí bẹ́ǹṣì
níbi tí orúkọ kankan ò sí.

Èmi Àrìnpé lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́.
Mo dé, mo ní: Bàbá, ẹ sinmi.
Mo kó orúkọ wọn sínú àtòjọ,
mo dá ẹnìkan sílẹ̀ tí yóò máa rìn lórí wọn,
mo pè é ní Arìntò.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́: Ó kàn.
Bí mo bá ti sọ ọ́, á fún mi lórúkọ kan,
á sì rántí ibi tó dúró sí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pè wọ́n pé pérépéré.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo ní, Ó kàn.
Wẹ́lo.
Mo tún ní, Ó kàn.
Kò bínú, kò ṣàròyé, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.
Àwọn obìnrin dúró ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo.
Ràímì oní-sẹ́mìjáǹ dá alùpùpù dúró, ó ní
ẹ̀rọ Àrìnpé ti gbé orúkọ wa mì.
Mo ṣí àtòjọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹnikẹ́ni ò sọnù. Abíálà ṣì wà lókè.

Bàbá tọ ọ̀pá wá.
Kò wo kọ̀ǹpútà, ojú mi ló wò.
"Ọmọ ayò dà?"
Mo ní kò sí ọmọ ayò nínú ẹ̀.
"Ó wà. Ó ti dé etí bẹ́ǹṣì ni.
Ta ló gbé e padà sókè láàárọ̀?"

Háà.

Orúkọ ò tán, ẹni tó ń kà á ló dópin.
Bí ẹsẹ̀ bá parí ọ̀nà, ọ̀nà ò kú.
Arìntò àná kì í padà sẹ́yìn,
iwájú nìkan ló mọ̀, bí ọjọ́ orí.
Nítorí náà, àtòjọ ni mo ń tọrọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀:
ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún owó omi.
Orí àtòjọ kan náà làwọn méjèèjì ń rìn.
Ọ̀kan lè wà nílé Abíálà, kí èkejì ti dé ìdí àdògán Músílíátù,
wọn ò di ara wọn lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan tí Bàbá sọ, ó sọ ọ́ wúyẹ́.
Lọ́dún tí Ìyáàgbà lọ,
wọ́n mú ìròyìn wá bá a nídìí ẹ̀rọ,
ọmọ ayò sì wà níwájú orúkọ ìyàwó rẹ̀ gan-an.
Ó yọ pákó náà.
Ó sún àwọn tó kù kí wọ́n dí àlàfo.
Ó sún ọmọ ayò bó ṣe máa ń sún un.
Ilé kan fò.
Òùngbẹ ni wọ́n gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò sọ̀rọ̀,
wọ́n ní ọkùnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ni.
"Má yọ orúkọ nígbà tí ìrìn ò tíì parí," ó ní.
"Jẹ́ kó dé etí bẹ́ǹṣì ná. Lẹ́yìn náà kí o wá sunkún."

Ọmọ ayò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi báyìí.
Kò wúlò fún nǹkan kan.
Láràárọ̀, mò ń gbé e sókè.