Àfọ́kù Dígí

Dígí ọ̀kadà ọkọ mi ló fọ́ ní Tákíé.
Mo ṣa èyí tó tóbi jù, mo fi òkúta pa ẹnu rẹ̀
kó má bàa ya ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́,
mo gbé e lọ sí kíláàsì kẹrin.

Mo ní kí oníkálukú wo ojú ara rẹ̀ dáadáa,
kó mú èédú, kó ya ohun tó bá rí.
Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pè ọ́ nílé o,
kì í ṣe ohun tó wà lẹ́yìn ìwé rẹ.
Ohun tí o bá rí.

Ariwo ta. “Tíṣà, imú mi tóbi!”
Ìlọ̀rí ya eyín kan ṣoṣo, èyí tó ń mì,
ó ní ìyókù òun ò tíì dé.
Tàlàbí fi gbogbo bébà ya ọwọ́ méjèèjì,
nítorí ọwọ́ ni òun fi ń tú rédíò bàbá òun
nígbà tí kò bá sẹ́nì kan nílé.

Mùfútáù nìkan ni kò ya nǹkan kan.
Ó kọjú dígí sí fèrèsé,
ìmọ́lẹ̀ ń sá kiri lókè àjà bí ọmọ alángbá.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kó o bọ̀ láti Bùwàkè,
ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta, báàgì kan, bàtà tó ti kéré,
wọ́n fà á lé ìyá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n.
Ó gbọ́ Yorùbá o. Yorùbá tó ti gbó,
bí aṣọ tí wọ́n yọ nínú àpótí bàbá àgbà,
àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Tíṣà, lọ́hùn-ún, Ànàgó ni wọ́n ń pè mí.
Wọ́n á ní, Ànàgó, máa lọ sílé yín.
Mo wá délé,
wọ́n ní, ọmọ Àbíjàn, ìgbà wo lo máa padà?
Èwo ni kí n yà?”

Mo ti la ẹnu.
Òwe mẹ́ta ti tò sí mi létè
bí ọmọ iléèwé láàárọ̀ Mọ́ńdè.
Mo gbé wọn mì.

Nítorí mo rántí ọwọ́ òsì mi,
èyí tí Tíṣà Òjédìran fi àkísà dì mọ́ àga
lọ́dún tí mo wọ kíláàsì kìíní.
Ó ní ọmọ gidi kì í fi òsì kọ̀wé.
Mo di ọmọ gidi.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rẹ́ ilá lálẹ́,
tí ilé dákẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń wò mí,
ọ̀bẹ a máa dá rìn lọ sọ́wọ́ òsì.

Mo ní, “Èmi náà ò mọ̀. Jẹ́ ká jọ jókòó sí i.”

A jókòó. Aago lù, àwọn tó kù sá lọ sídìí máńgòrò,
wọ́n ń sọ òkò, wọ́n ń bú ara wọn tọ̀rẹ́tọ̀rẹ́.
Ó pẹ́ kó tó fa èédú.
Ojú kan. Ẹnu méjì.
Ó ní, “Máńgòrò ibí àti tọ̀hún, adùn wọn ò jọra,
ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà lomi wọn ń gbà
dé ìgbọ̀nwọ́ mi.”

Nígbà tí ìyá àgbà wá mú un,
ó gbé bébà náà sún mọ́jú, ó gbé e jìnnà.
“Ẹlẹ́nu méjì kẹ̀? Èébú nìyẹn, ọmọ mi!”
Ọmọ náà ní, “Ọ̀kan tiyín ni, Màmá.
Ọ̀kan ti màámi.”
Ìyá àgbà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ká bébà náà
kékeré, kékeré, ó tì í bọ abẹ́ gèlè.

Iléèwé ṣófo. Èédú ṣì kù,
àfọ́kù dígí ń wò mí lórí tábìlì.
Mo ti ilẹ̀kùn. Mo mú èédú.
Ẹ má bi mí ọwọ́ tí mo fi mú un.