Ìpẹ́ Epìyà

Agolo mílíìkì kan sítóònù ní Tákìé,
owó rẹ̀ ń lọ sí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì nílé wa.
Mo wò ó, mo fọwọ́ kàn án,
mo rọra dá a padà síwájú olówó rẹ̀.
Ó ní, "Ṣé o ò rà á mọ́ ni?"
Mo ní mò ń bọ̀.
Èmi àtòun la mọ̀ pé n kò bọ̀.

Ìyá ń ha epìyà lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo wọlé,
ẹja tí Akínlabí fi ìwọ̀ fà jáde lódò Ọbà.
Ìpẹ́ ń ta bí àgbàdo nínú agbada gúgúrú.
Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ mi lápá.
Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kàn án,
ó pọ́n, ó dúdú bí aró,
ó di àwọ̀ kan tí n kò lórúkọ fún.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má dà á nù."
Ìyá wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é,
kí ẹlòmíì má bàa jẹ ìyà tí mo jẹ.
Omi iyọ̀ ni kó kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀, òru méjì.
Ọṣẹ ló kàn. Lẹ́yìn ọṣẹ, ọsàn wẹ́wẹ́.
Fi ìka fọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, tojú tẹ̀yìn;
má fi kànrìnkàn, kànrìnkàn á bó dídán rẹ̀.
Má sá a sóòrùn.
Mo sá tàkọ́kọ́ sóòrùn,
gbogbo rẹ̀ ká kò bí èékánná arúgbó.
Àárín ìwé ìròyìn ni kó o tẹ́ ẹ sí,
kó o gbé ọmọ ọlọ lé e.
Kó tó gbẹ tán, nígbà tó ṣì rọ̀,
fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo lókè,
má sún mọ́ etí jù.
Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà lokùn ń tọ̀,
ṣùgbọ́n ibi tí ìpẹ́ bá ti ya,
okùn ò rí ọ̀nà gbà.

Okùn ìwọ̀ Akínlabí ni mo fi rán an.
Okùn tó fa ẹja kúrò nínú omi
ló tún so ẹ̀wù ẹja mọ́ èjìká bùbá mi.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè,
kí tòkè lè máa bo ihò tìsàlẹ̀,
bí páànù òrùlé,
bí ẹja fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é
kí ẹnikẹ́ni tó dá ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sílẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá. Mo kà wọ́n.

Àǹtí Fasíla ọ̀gá mi gbé e símú lẹ́ẹ̀mẹta.
Ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ló gbọ́.
Kò yìn mí.
Ó yí inú aṣọ síta, ó wo ibi tí mo ta kókó sí.
"Kí lo fi tẹ́ inú ẹ̀?"
"Àpò ìyẹ̀fun ni, mà. Mo sè é kó tó funfun."
Ó ní, "Hẹn."
Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Fasíla fọ́dún mẹ́ta
á mọ̀ pé "Hẹn" yẹn ju àtẹ́wọ́ lọ.

Lọ́jọ́ fíríìdọ̀m mi,
ológbò mẹ́ta tẹ̀ lé mi láti Ìjẹ̀rù.
Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.
Ọ̀gá ṣeé tàn, ìyàwó pásítọ̀ ṣeé tàn;
imú ológbò mọ ohun tí ọsàn ò lè fọ̀.

Ibi tí mo ti ń kúnlẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí mi,
ìpẹ́ kan já lápá òsì.
Kò sẹ́ni tó rí i, àfi Ìyá.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á nílẹ̀,
ó nù ún,
ó dì í sí etí ìró rẹ̀,
níbi tó máa ń di owó sí.