Okùn Bàtà

Àgọ́ ọlọ́pàá Rochdale, aago mẹ́ta òru.
Okùn bàtà Ellis wà nínú ọ̀rá.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó fọ́ fèrèsé,
ó jí ṣokoléètì mẹ́rin, ó jẹ méjì.

Sájẹ́ǹtì ní kóòtù ni.
Mo ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.
Mo túmọ̀ rẹ̀; kò yé e.
Ọwọ́ tó dọ̀tí, fífọ̀ là ń fọ̀ ọ́,
a kì í gé e.
Ó gbé bírò sílẹ̀.

Rafaqat onífèrèsé ní kó wá ní Sátidé,
kó gbálẹ̀, kó wo ojú òun.
Ellis ní kóòtù tẹ́ òun lọ́rùn.

Níta, ó kúnlẹ̀ nínú òjò,
ó so bàtà, ó tú u,
ó tún un so.