Ìwé Àlejò

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí,
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kémta, níbi tí páànù ti pupa bí osùn,
tí mo ń gba igba náírà, tí mo ń na bírò síni:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín."
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹni méjì ló wá.
Ọ̀kan kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ń sá fún òjò ni,
ó sì fi wákàtí kan wo ilẹ̀kùn tí kò ní ilé mọ́.

Yàrá mẹ́ta la ní, àti àpáta.
Àpáta ni ògiri ẹ̀yìn; owó bíríkì kò tó ẹni tó kọ́lé,
ó fi ilé fẹ̀yìn tì í, bí àgbà tó jẹun yó.
Bí òjò bá rọ̀ lóru, àpáta á máa làágùn dọ̀sán.
A gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Garawa náà ti pẹ́ débi pé
ọmọ iléèwé kan bi mí pé ọba wo ló ni ín.

Ìgbìmọ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì.
Wọ́n tẹ́ àwòrán ilé tuntun sórí tábìlì,
fáànù ń gbé e fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́,
ni alága bá ṣí àpótí gíláàsì, ó kó ọta ogun mẹ́rin jáde,
ọta tí olóògbé Bàbá Ṣóbándé fi òwú dì lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó fi tẹ igun ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Mo la ẹnu. Mo pa á dé.
Ó pẹ́ tí àwọn ọta yẹn ti ríṣẹ́ ṣe gbẹ̀yìn.

Ilé alájà méjì. Ẹ̀rọ agbéniròkè. Ibi ìmutíì.
Àyè ogójì mọ́tò, níbi tí àpáta wà báyìí.
"Àpáta ńkọ́?"
"A ó fọ́ ọ."
Òkúta tó fara bo àwọn tó bí wa lójú ogun,
òun ló wá ń dí mọ́tò lọ́nà.

Mi ò lòdì sí àtúnṣe, ẹ má ṣì mí gbọ́.
Ikán ti jẹ aṣọ ológun, ó ku bọ́tìnnì.
Eku bímọ mẹ́fà sínú fìlà àjẹ́lẹ̀
(mo rò pé ó tọ́ sí i).
Ẹni tó ní kí ilé tó ń jò má gba páànù tuntun,
kò tíì gbé garawa sùn.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹfúnyẹmí wà.
Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, á rìn wá láti Ìbarà.
Ìkòkò aró kan wà ní yàrá kẹta, kò níwèé, kò lórúkọ,
aró gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́.
MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN, èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri.
Ìyá á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá,
èmi á yíjú sí fèrèsé, màá máa ka ewúrẹ́.
Bó bá ń lọ, orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé, kì í kọ tirẹ̀.

Mo mú ayàwòrán-ilé dé ìdí ìkòkò, ọmọbìnrin kan, Àbẹ̀jẹ́.
Ó ní: "Ohun tí kò bá ní àkọsílẹ̀, inú àjà ló ń lọ."
Mo ṣí ìwé àlejò fún un. Ọdún mẹ́rìnlá.
Orúkọ kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, tó ń gbọ̀n sí i lọ́dọọdún.
Ó bojú wẹ̀yìn; alága wà lórí fóònù.
Ó yọ pẹ́ńsùlù létí,
ó fa òbíríkítí kan sára gíláàsì tí wọn kò tíì rà.
"Ṣé ọwọ́ á gbà á?"
Mo ní kó fẹ̀ ẹ́ sí i. Ìyá ń wọ ẹ̀gbà.

Pẹ́ńsùlù ni, mo mọ̀. Ọwọ́ alága ni rọ́bà wà.
Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kó ọta padà sínú òwú,
mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́ta.
Mo wá ìkẹrin títí ilẹ̀ fi ṣú.
Inú garawa ni mo bá a,
tí omi àpáta ń kán lé e lórí.