Dàbínù Kan

Ní Kúbwà, nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀,
àwa mọ́kànlá máa ń jókòó yí tábìlì gbọọrọ ká
lẹ́yìn ilé ìwòsàn, lábẹ́ igi dógóńyárò.
Àga oníke ò lè gbà wá,
wọ́n lọ yá bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i.
Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò tíì fọ́ àga lójú àlejò.

Nọ́ọ̀sì Ràhílà gbé àwo kékeré kiri,
ó fi dàbínù kọ̀ọ̀kan sí wa látẹ́lẹwọ́.
"Ẹ má tíì jẹ ẹ́ o."
Tèmi ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun.
Kóró rẹ̀ ló kù tí mo ń fi ahọ́n yí kiri
bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

Kò bá mi wí. Ó mú òmíràn, ó fi lé mi lọ́wọ́:
"Bàbá Oyèdòtun, ta ló ń lé yín?"

Ta ló ń lé mi?
Mo la ẹnu kí n ní kò sí,
ni abọ́ tánganran kan bá yọ sí mi,
aláwọ̀ ewé, etí rẹ̀ ti bó,
ní Tudun Wàdá, ní Sáríà,
nílé bàbá mi ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ fún gbogbo ìlú,
tí àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́sàn-án sì ń jẹun nínú ẹyọ kan.
Tùwó á dúró láàárín bí òkè; kí o tó ṣẹ́jú, ó ti di pẹ̀tẹ́lẹ̀.
Adéòtí ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ, gbígbé ló ń gbé e mì.
Èmi ni ìkẹjọ.
Kí n tó mọ ábídí ni mo ti mọ èyí:
gbígbóná kì í pa ọ̀fun,
ìjáfara ló ń pa ikùn.

Abọ́ náà ti jò; nígbẹ̀yìn, adìyẹ ló ń mu omi nínú rẹ̀.
Adéòtí ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá.
Èmi rèé ní ọ́fíìsì ní Gáríkì,
èmi nìkan, pẹ̀lú kúlà oúnjẹ mi,
tí mo ṣì ń bá òkú du òkèlè.

"Ẹ wò ó," ni Ràhílà wí. Mo wò ó.
Ara rẹ̀ hunjọ bí ìgbọ̀nwọ́ ìyá àgbà.
"Ẹ gbóòórùn rẹ̀." Òórùn àpò, òórùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pẹ́.
"Ẹ gbé e sórí ahọ́n. Ẹ má gé e jẹ."
Hájíà Làǹtáná bú sẹ́kún, kò sọ ìdí rẹ̀,
a ò sì bi í.
Tẹ́fà awakọ̀ ní, "Àṣé ohun tó ń jí mi láago méjì òru
kì í ṣe ebi. Ilé ló dákẹ́ jù."

Mi ò ní purọ́: lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣubú nídìí sùyá ní Bẹ́gà.
Ìwé ìròyìn mẹ́ta, pẹ̀lú àlùbọ́sà.
Mo jẹ́wọ́ fún Ràhílà; kò fajú ro.
"Ṣé ó dùn?"
Àkọ́kọ́ dùn.
Ìkejì, mi ò mọ̀.
Ìkẹta, mi ò sí níbẹ̀.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ìwọ̀n ní kílò mẹ́tàléláàádóje, ó dín ẹyọ kan.
Ẹyọ kan, lóṣù méjì!
Wọ́n ní kí n lọ gba owó mi padà, níbi iṣẹ́.

Lálẹ́ àná, ọyẹ́ ń gbọn wíńdò, iná ti lọ,
Wúràọlá gbé tùwó àti ọbẹ̀ kúkà ka iwájú mi.
Mo bu òkèlè kan. Mo gbọ́wọ́ lé tábìlì.
Mo ń jẹ ẹ́ lọ, mo ń jẹ ẹ́ lọ,
mo ń gbọ́ bí òun náà ṣe ń jẹ nínú òkùnkùn.
"Ṣé iyọ̀ jù ni?"
Rárá o. Ṣé dàdáwà lo fi sí i ni?
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi í sí i."