Ẹ̀rín Tó Pẹ́ Lọ́nà

Òjò ló kó wa jọ sí ṣọ́ọ̀bù Arífálò n'Ísinkàn,
Arífálò tí í tún tẹlifíṣàn ayé ṣe,
tí tirẹ̀ nílé kì í sọ̀rọ̀.
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó wáyà kan mọ́ ìdí àpótí oníbàárà,
ó ní ká dákẹ́, òun fẹ́ wò ó bóyá yóò jí.
Ó jí.
Ìlú Òyìnbó ló jí sí.

Èèyàn mẹ́fà jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn
bí ẹbí tó fẹ́ pín ogún,
ife omi níwájú oníkálukú.
Ọ̀kan ń bi wọ́n ní ìbéèrè,
kò sẹ́ni tó dáhùn èyí tó bi wọ́n.
Aago dún. Wọ́n fún ẹni tó ṣì í ní máàkì méjì,
wọ́n gba mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.
Ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù búlúù wá sọ gbólóhùn kan, wẹ́rẹ́,
ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí eyín ń dùn,
gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ó ń mì tìtì.

Àwa ń wo ara wa.
Ìyá Olúwátúyì ní, "Ta ló ṣubú?"
Kò sẹ́ni tó ṣubú.
"Ṣòkòtò ta ló já?"
Ṣòkòtò gbogbo wọn wà lábẹ́ tábìlì, ta ni yóò mọ̀?
Aláwàdà tiwa, tó bá fẹ́ jẹun,
a wọ bàtà ọ̀tọ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀tọ̀,
a fi àtíkè ya ojú méjì sórí ojú méjì,
a ní òun lówó ju ọba, òun gbọ́n ju adájọ́,
kí ilẹ̀ tó yọ̀ ọ́, kó ṣubú gbìì.
Ẹ̀rín tiwa ní ẹsẹ̀. A máa ń rí i bó ti ń bọ̀.

A kọjú sí Tísà Adégoróyè,
ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní gírámà l'Óǹdó
kó tó fẹ̀yìntì wá sí Àkúrẹ́.
"Tísà, kí ló wí?"
Ó gbọn omi agbòjò rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ó tú u fún wa, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan:
"Ó ní òun dà bí agbòjò nínú ilé òun.
Ìgbà tí òjò bá tún dé
ni ìyàwó òun ń rántí pé òun ti gbàgbé òun síbìkan."
Kẹ́kẹ́ pa.
"Háà," ni Ìyá Olúwátúyì wí, "kò ha ní ẹbí ni?"
Arífálò mi orí: "Ọkùnrin ń sunkún,
wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un."

Tísà ní, "Mo gbọ́ èdè wọn.
Ẹ̀rín wọn ni n ò gbọ́.
Àbí ẹ̀fẹ̀ tí a dá l'Óǹdó ńkọ́?
Tó bá fi máa kọjá afárá Ọ̀wẹnà, ó ti ń tiro,
kó tó wọ Àkúrẹ́, àlàyé ló ń pọ̀n ọ́n."

Ibẹ̀ ni Nẹ́pà ti mú iná lọ.
Nínú òkùnkùn, ẹnì kan ní,
"Wọ́n ti gba máàkì gbogbo wọn."
Èyí kò nílò Tísà.
A rẹ́rìn-ín títí òjò fi dá,
kálukú wá gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókè-Àró,
ìwàásù wà lórí ọ̀run àpáàdì
nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù.
Mo rí Tísà tó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì,
ó tọwọ́ bọ ọ̀tún, ó tọwọ́ bọ òsì,
ó dúró.
Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n.
Ó fi ìwé orin bo ẹnu, ẹ̀rín gba ojú jáde.
Pásítọ̀ dákẹ́. Gbogbo ìjọ yí orí.
Ìyàwó rẹ̀ fún un ní èékánná:
"Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?"
Ó wo òjò. Ó wo ìyàwó.
Tísà tó ń tú gbogbo nǹkan, kò lè tú u.
Ìyàwó ní, "Agbòjò wa dà?"

Èmi náà wá gbọ́ ọ.
Wọ́n lé àwa méjèèjì síta, sínú òjò.